Gbólóhùn Kan Nínú Àdéhùn Ìṣòwò

Ní ọdún 2000, èmi ni mo ń tọ́jú yàrá oògùn ní ilé ìwòsàn kan, èmi sì ni mo ń fún àwọn tí ó ní kòkòrò HIV ní oògùn wọn. Àpapọ̀ oògùn mẹ́ta tí ẹnì kan yóò lò fún ọdún kan lé ní 10,000 dọ́là nígbà náà. Tọkọtaya kan wà tí agbára wọn kò ká ju ti ẹnì kan lọ. Ìyàwó da ìgò oògùn náà sórí tábìlì mi, ó sì ń fi ìka pín hóró rẹ̀: ọ̀kan fún bàbá àwọn ọmọ, ọ̀kan fún òun. Mo ṣàlàyé fún un pé bí oògùn kò bá pé lára, kòkòrò náà yóò di èyí tí oògùn kò ràn mọ́. Ó gbọ́ mi dáadáa, ó sì ń pín in lọ.

Mo rò pé èròjà oògùn ni ó wọ́n. Àfi ìgbà tí ó di oṣù Kejì ọdún 2001 tí ilé-iṣẹ́ Cipla ní Íńdíà kéde pé òun yóò ta àpapọ̀ yẹn fún Médecins Sans Frontières, àjọ àwọn dókítà aláàánú, ní 350 dọ́là fún ọdún kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣírò. Oògùn kan náà ni. Òfin ni ó yàtọ̀. Àdéhùn TRIPS ti Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1995, pa á láṣẹ pé kí ẹni tí ó bá hùmọ̀ oògùn tuntun ní ẹ̀tọ́ àdáni lórí rẹ̀ fún 20 ọdún, ṣùgbọ́n ó fún Íńdíà láyè di ọdún 2005 kí ó tó mú apá yẹn ṣẹ lórí oògùn. Ìdí nìyí tí Cipla fi lè ṣe é láìgba àṣẹ ẹni tí ó hùmọ̀ rẹ̀. N kò sọ pé kí ẹni tí ó ṣe ìwádìí má jèrè iṣẹ́ rẹ̀ o.

Nígbà tí oògùn olówó pọ́ọ́kú fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ọkọ obìnrin náà ti kú. Ó bi mí bóyá wọn kò tíì ṣe oògùn náà nígbà tí bàbá àwọn ọmọ òun wà láyé. Mo sọ òtítọ́ fún un pé wọ́n ti ṣe é.

Ìbéèrè yẹn ni ó mú mi jókòó ti ìwé àdéhùn náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001, ní ìpàdé Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ní Doha, olú-ìlú Qatar, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé TRIPS kò gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti dáàbò bo ìlera ará ìlú, àti pé ìjọba lè fún ilé-iṣẹ́ mìíràn ní àṣẹ láti ṣe oògùn kan bí ẹni tí ó ni ín kò tilẹ̀ fọwọ́ sí i. Inú mi dùn gan-an, títí mo fi dé gbólóhùn kan ní abala 31, tí ó ní ọjà abẹ́lé ni kí a ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ní pàtàkì. Kí wá ni orílẹ̀-èdè tí kò ní ilé-iṣẹ́ oògùn yóò fi àṣẹ náà ṣe? Wọ́n la ọ̀nà mìíràn ní ọdún 2003 kí irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ lè rà á láti ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà gùn. Rùwáńdà fi ìwé ránṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2007 pé òun fẹ́ ra oògùn HIV láti Kánádà. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008 ni èyí àkọ́kọ́ tó gbéra. Ọdún kan lé oṣù méjì! Ẹni tí ó bá ti rí bí a ṣe ń pín hóró oògùn mọ bí ìyẹn ti pẹ́ tó.

Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà bẹ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 pé kí a dá òfin wọ̀nyí dúró fúngbà díẹ̀. Oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìpinnu jáde, abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ni ó sì kàn. Ní ti oògùn àti ohun èlò àyẹ̀wò, wọ́n ní àwọn yóò pinnu láàrin oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà pé, ó kọjá, wọn kò fẹnu kò.