Ìtọ́jú ni, kì í ṣe ìpamọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ bèèrè lánàá pé kí la máa pe conservation tí wọ́n ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ láwọn ibi àjogúnbá ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ̀gbọ́n kan sì dá a lóhùn pé kó kọ "ìpamọ́ ogún". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò fara mọ́ ọn.

Nǹkan tí mo bá pa mọ́, mo ti gbé e kúrò lójú èèyàn nìyẹn. Ó bá ère inú gíláàsì ní músíọ́mù mu, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe fẹ́ pa igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo mọ́, hẹ́kítà 75, tí odò ń ṣàn gba inú ẹ̀, tí Arugbá ń gbé igbá lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún tí èrò rẹpẹtẹ ń tẹ̀ lé e? UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé (World Heritage) ní 2005, àwọn olùbọ ò sì torí ẹ̀ kúrò níbẹ̀, bíbọ tí wọ́n ń bọ ọ́ gan-an ló jẹ́ kó níyì. Ẹ tún wo mọ́sálásí alámọ̀ tó wà ní Djenné ní Málì, ọdọọdún ni gbogbo ìlú ń jáde wá fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ, àwọn ọ̀mọlé ibẹ̀ á máa darí wọn, torí òjò ń wẹ̀ ẹ́ ṣáá ni, tí wọ́n bá ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́, wíwó ló máa wó.

Ìdí tí mo fi ń sọ pé ìtọ́jú nìyẹn. A ń tọ́jú owó, a ń tọ́jú ọmọ, a ń tọ́jú aláìsàn. Fífi pamọ́ wà nínú ẹ̀, ìwòsàn wà nínú ẹ̀, ojoojúmọ́ sì ni. Ẹnìkan máa ní "olùtọ́jú" ti jọ nọ́ọ̀sì jù, ẹ sáà sọ pé olùtọ́jú ohun àjogúnbá, ó tán. Ẹ má sì fi "àtúnṣe" rọ́pò ẹ̀ o! Ẹni tó lọ po sìmẹ́ǹtì, tó fi rẹ́ ògiri amọ̀, òun náà gbà pé àtúnṣe lòun ṣe, àmọ́ omi tó ti wà nínú ògiri ò ní rọ́nà jáde mọ́, inú lòhún ni amọ̀ á ti máa jẹrà. Béèyàn ò ṣe ní ṣe irú àṣìṣe yẹn ni wọ́n ń rán èèyàn lọ kọ́.

Ti management tó máa ń bá conservation rìn nínú ẹ̀kọ́ náà, àbójútó ni mo fara mọ́. Ìṣàkóso ti le jù, ó ń dún bíi pé ọ̀gá kan ti Àbújá wá gba igbó lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ "ogún" fúnra ẹ̀ ló ń dùn mí jù. Àwọn elédè Faransé ń pè é ní patrimoine, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin ní 1998, École du Patrimoine Africain (Ilé Ẹ̀kọ́ Ogún Áfíríkà), ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ́, bàbá sì wà nínú ẹ̀ láti inú èdè Látìn. Tá a bá tẹ̀ lé wọn, "ogún bàbá" la máa kọ, ti Ọ̀ṣun ńkọ́, ìyá ni! Lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá ti pe ogún, pínpín ló ń wá síni lọ́kàn, kálukú á gbé tiẹ̀. Ilé ẹbí nìkan lẹnì kan ò lè gé tiẹ̀ tà níbẹ̀. Mo wá ń rò ó pé kí World Heritage máa jẹ́ "ogún àìpín aráyé", ká fi àjogúnbá sílẹ̀ fún ìyókù, torí ó ti mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu, rédíò ń lò ó.

Nítorí náà àbúrò, "ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú àti àbójútó ibi àjogúnbá" ni kó o kọ. Má kọ "ibùdó" dípò "ibi", àgọ́ ṣọ́jà ló ń rán mi létí.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ bá àwọn ọ̀mọlé gbé, ẹ jọ̀ọ́, rírẹ́ ilé lọ́dọọdún yẹn, ṣé ó lórúkọ tó dá dúró nílùú yín? Rírẹ́ nìkan ni mo mọ̀.