Adelé ni kí á pe emulator, kì í ṣe afarawé

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtọ́sọ́nà tí à ń kọ ní èdè Yorùbá lórí Steam Deck, kọ̀ǹpútà géèmù àfọwọ́dìmú tí Valve gbé jáde ní 2022, ti dúró sójú kan nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: emulator, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí géèmù àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ bíi PS1 tàbí Mega Drive ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí wọn kò ṣe é fún. Àbá méjì ló wà nílẹ̀ fún orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, asínjẹ àti afarawé. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan.

Asínjẹ kò tiẹ̀ yẹ kó pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tó ń sín ènìyàn jẹ, yẹ̀yẹ́ ló ń fi í ṣe. Afarawé sàn díẹ̀, àmọ́ ọmọ tó fara wé bàbá rẹ̀ lè dé fìlà bíi tirẹ̀ láìmọ iṣẹ́ bàbá. Emulator gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ náà. Motorola 68000 ni ọpọlọ Mega Drive, àṣẹ tí wọ́n kọ fún un ló sì kún inú géèmù Sonic. Ètò inú Deck ní láti ka àwọn àṣẹ náà, kó sọ wọ́n di ohun tí Deck gbọ́, kó sì dá èsì padà lásìkò tí géèmù ń retí rẹ̀. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ohùn á máa já.

Àwọn tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ pàápàá yà á sọ́tọ̀. Nígbà tí IBM kéde System/360 ní 1964, àwọn oníbàárà wọn ní ètò púpọ̀ tí wọ́n ti kọ fún ẹ̀rọ 1401, wọn kò sì fẹ́ dà wọ́n nù. IBM fi ohun tó lè ṣiṣẹ́ 1401 sínú ẹ̀rọ tuntun, wọ́n pè é ní emulator kó má bàa dà pọ̀ mọ́ simulator, ìyẹn ètò tó kàn ń ṣe àfihàn bí ẹ̀rọ mìíràn ṣe ń ṣiṣẹ́. Simulator ni kí á fi afarawé fún.

Adelé ni àbá tèmi. Ní Àkúrẹ́, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ adelé, ẹjọ́ tó yẹ kó dé iwájú ọba á sì máa dé iwájú rẹ̀. Ẹnìkan bi mí pé ṣé adelé kì í kúrò bí onílé bá dé. Ó ń kúrò, ó sì bá a mu: ẹni tí Mega Drive rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ kò nílò adelé.

Ẹ wo bó ṣe rí nínú ìtọ́sọ́nà náà:

“Tẹ bọ́tìnnì Steam, yan Power, kí o yan Switch to Desktop. Lẹ́yìn tí EmuDeck, ètò tó ń gbé àwọn adelé wọlé, bá ti parí iṣẹ́, ṣí fódà Emulation. Inú roms/psx ni géèmù PS1 ń lọ, BIOS, ìyẹn ètò tí ẹ̀rọ náà fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ń lọ sínú bios. Fún géèmù Amẹ́ríkà, Beetle, tó jẹ́ adelé PS1 nínú RetroArch, ń wá fáìlì BIOS tó ń jẹ́ scph5501.bin. PPSSPP, tó jẹ́ adelé PSP, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́dìmú ti Sony, kò bèèrè BIOS rárá.”

Mo kà á fún àbúrò mi obìnrin, kò bi mí léèrè ohun tí adelé jẹ́.

Lẹ́tà àná pe EmuDeck àti RetroArch náà ní afarawé. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. EmuDeck kàn ń gbé àwọn adelé wọlé, ó sì ń to fódà wọn. RetroArch ń kó wọn jọ sójú kan. Ohun tó ń pè ní core gan-an ni adelé. Bí á bá fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórúkọ kan náà, ẹni tí géèmù rẹ̀ kọ̀ kò ní mọ èyí tí yóò tún ṣe.

Títúmọ̀ ROM kò le: ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì. Save state ló kù láti túmọ̀. “Fi pamọ́” ti wà fún èyí tí géèmù fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ti save state, adelé ló ń mú gbogbo ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì lẹ́ẹ̀kan náà, kódà bí Sonic bá wà lófuurufú, adelé mìíràn kì í sì í sábà lè ṣí i. Mo ń rò “dì í” àti “tú u”, àmọ́ ìdìpọ̀ ni àwọn kan ti ń pe fáìlì zip. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo save state, kí ni ẹ̀ ń pè é lẹ́nu?