Dókítà wo lẹ ò lè gbàgbé?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ kú ilé o. Èmi àti màmá mi jókòó wo 93 Days lálẹ́ àná, fíìmù 2016 tí Steve Gukas darí, èyí tí Bímbọ́ Akíntọ́lá ti ṣe Dókítà Ameyo Adadevoh. Ibi tí Sawyer, ará Liberia tó kó àrùn Ebola wọ Èkó, ti ń jà pé kí wọ́n jẹ́ kóun máa lọ, tí dókítà ní kò níbi tó ń lọ, màmá mi bú sẹ́kún. Mo rò pé torí obìnrin náà kú ni. Ó ní rárá, dókítà tó gbẹ̀bí mi lòun rántí. Ọgbọ̀n ọdún, kò sọ ọ́ létí mi rí! Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Àsìkò tí àwọn dókítà ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ ni, n la bá gba ọsibítù aládàáni kan lọ n'Íbàdàn. Táyé wá, ó ké. Kí Kẹ́hìndé tó dé, NEPA mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo ni ò sí. Ọkọ mi gbé kẹ́ẹ̀gì, ó sáré jáde, ọ̀wọ́n epo la sì wà nígbà yẹn, kò tètè dé. Kẹ́hìndé bọ́ sílẹ̀, kò ké, kò mira. Dókítà yẹn kéré, àbúrò mi pátápátá ni. Ó ní kí nọ́ọ̀sì tan fóònù sí òun, ó mú rọ́bà kan báyìí tó rí bíi bọ́ọ̀lù, ó fi bo ọmọ nímú lẹ́nu, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Wákàtí méjì. Nígbà tó yá oorun ń gbé e lọ, nọ́ọ̀sì ń já a léèékánná, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Ni ọmọ bá sín. Kò ké o, ó sín. Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi níbẹ̀, ó ní "Ẹ kú ewu, mà." N ò mọ orúkọ rẹ̀ dòní.

Aríyànjiyàn: Wákàtí méjì kẹ̀? Ọwọ́ irin ni? Ẹ bu díẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ambu bag ni rọ́bà yẹn ń jẹ́. Mo ti tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí, ṣùgbọ́n à ń gbà á lọ́wọ́ ara wa ni. Ó ń kà á kó má baà fẹ́ atẹ́gùn sí i jù, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tuntun kéré púpọ̀. Nọ́ọ̀sì yẹn ló yẹ kó gbà á ṣe, kì í ṣe kó máa já a léèékánná.

Ìyá Ìbejì: Ta ló máa wá mú fóònù dání, màmá?

Àkànbí: Ẹ̀yin ò mọ̀. Kẹ́hìndé ló rán Táyé wá tọ́ ayé wò. Táyé ní iná ò sí. Ẹ wá fẹ́ kó yára ni?

Ìyá Ìbejì: 😂😂 Dòní olónìí, bí iná bá lọ, òun ló kọ́kọ́ ń pariwo nílé mi.

Aláìlórúkọ: Bàbá mi kú lójú dókítà tó ń tẹ fóònù. Ẹ jẹ́ n sinmi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́.

Aríyànjiyàn: Ọ̀rọ̀ Adadevoh la bá bọ̀ o. Ọjọ́ 20 oṣù keje 2014 ni Sawyer balẹ̀ sí Èkó, ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé Ebola ti kúrò nílẹ̀ wa. Ẹ kà á, 93 ló máa jẹ́. Èèyàn 20 ló ràn, 8 kú. Ká ní ọkùnrin yẹn dé ìpàdé tó ń lọ ní Calabar ńkọ́? Ìyá náà ò sì rí òpin rẹ̀, ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ló lọ. Àtọmọdọ́mọ Herbert Macaulay.

Àkànbí: Ta ló wẹ omi iyọ̀ nínú yín lọ́dún yẹn, nígbà tí àhesọ ń lọ pé ó ń dènà Ebola? Ẹ jẹ́wọ́.

Ìyá Ìbejì: Mo wẹ̀ ẹ́. Ìyá ọkọ mi pè láti Ìjẹ̀bú ní aago mẹ́ta òru, wọ́n ní kílẹ̀ tó mọ́ ni o. Mo da ìdajì kóńgò iyọ̀ sómi àwọn ọmọ. Ara ń yún wọn dọ̀sán.

Àkànbí: Èmi tún mu ún. Ife méjì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó bá mu bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Aríyànjiyàn: Ẹ kàwé kàwé, ẹ mumi iyọ̀.

Àkànbí: Ìwọ ńkọ́?

Aríyànjiyàn: Mo wẹ̀ ni. N ò mu.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Aláìlórúkọ, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ ò kúrò lọ́kàn mi. Ó lè jẹ́ ìwọ̀n oògùn ló ń wò lórí fóònù. Àwọn ọ̀dọ́ wọn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Aláìlórúkọ: Ó ń rẹ́rìn-ín, màmá. Ìwọ̀n oògùn kì í pani lẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Òótọ́ lo sọ. Pẹ̀lẹ́.

Ará Leeds: Dókítà ni mí. N kì í dá sí irú èyí. Lóru ọjọ́ kan, kí n tó kúrò nílé, èmi nìkan ni wọ́ọ̀dù méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, n ò tíì sùn látàná. Ọmọ mi fi fídíò ránṣẹ́, ó ń jó. Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá kan ń kú ní bẹ́ẹ̀dì kẹta sí mi. N ò ní kẹ́ ẹ foríjì ẹnikẹ́ni o.

Aríyànjiyàn: Ẹ wá já pa.

Ará Leeds: Mo já pa. Ẹ wá gba wọ́ọ̀dù méjèèjì.

Aláìlórúkọ: Ṣé ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé bàbá yẹn ti lọ?

Ará Leeds: Ọmọ rẹ̀ ló pè mí.

Tuntun Dé: Ẹ jọ̀ọ́, ibo lèèyàn ti lè rí fíìmù yìí wò?