Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ wọ ọjà Kapalıçarşı ní Istanbul

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Aṣọ ọmọdé ni mò ń lọ kó ní Laleli, ní Istanbul, ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyẹn. Àwọn tó ti lọ kì í yé sọ̀rọ̀ ọjà ńlá alórùlé kan nítòsí ibẹ̀, Kapalıçarşı, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Grand Bazaar. Títí di Sátidé ni màá fi ra ọjà, mo wá fi Sọ́ńdè sílẹ̀ fún un, torí àárọ̀ Mọ́ńdè ni bàálù mi ń gbéra. Màmá mi tún fún mi lówó ẹ̀gbà ọwọ́ góòlù. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, wọ́n ní tíì àti ẹ̀rín ni àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ fi ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn. Ṣé kí n lọ? Kí ni mo lè rà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀ ni kó dáhùn.

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, tètè yí ọjọ́ yẹn padà! Kapalıçarşı kì í ṣí ní Sọ́ńdè. Ilẹ̀kùn ẹnubodè lo máa bá ní títì. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Laleli náà kì í ṣí lọ́jọ́ yẹn. Fi ọ̀sán Sátidé sí i. Má wọ takisí rárá, láti Laleli dé Beyazıt, lẹ́nu ọ̀nà ọjà náà, ìdúró tíráàmù kan péré ni, ẹsẹ̀ lásán tó o. Nǹkan bí aago méje alẹ́ ni wọ́n ń palẹ̀ mọ́, má jẹ́ kó pẹ́ kí o tó wọlé.

Àmọ́ má ra aṣọ ọmọdé nínú ọjà yẹn o. Jáde sí Mahmutpaşa, òpópónà tó ń dagẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ sí Eminönü. Ibẹ̀ làwọn ará ìlú fúnra wọn ti ń ra aṣọ ìyàwó àti aṣọ ọmọkùnrin tí wọ́n fẹ́ dá abẹ́ fún. Owó ibẹ̀ àti ti inú ọjà kò jọra.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Ẹ máa tan ara yín lọ. Àtùpà aláwọ̀ mèremère, báàgì ayédèrú, owó gọbọi. Kí ló tún wà níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ìwọ lo lọ ra báàgì láàárín àwọn oníkápẹ́ẹ̀tì. Ta ló rán ọ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Istanbul: Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, ma. Ìlú yìí ni mo ti ń kàwé. Ẹ lọ, ẹ má dá Ọmọ Ìdúmọ̀tà lóhùn. Lẹ́yìn tí Sultan Mehmed Kejì gba ìlú yìí ní 1453 ló kọ́ ilé olókùúta kan tí wọ́n ń pè ní bedesten, ibi tí wọ́n ń kó ọjà olówó ńlá pamọ́ sí. Àwọn ṣọ́ọ̀bù wá ń yí i ká díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń bo àwọn òpópónà náà, títí ó fi di nǹkan bí òpópónà 60 lábẹ́ òrùlé, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù tó tó 4,000. Bedesten yẹn ṣì wà láàárín gbùngbùn, Cevahir Bedesten lorúkọ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dé ibẹ̀, kí ẹ gbójú sókè wo òrùlé rẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ohunkóhun.

Ẹ máa sọnù, gbogbo èèyàn ló ń sọnù níbẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ béèrè Kalpakçılar. Àwọn aránfìlà onírun ló ni òpópónà yẹn nígbà kan, góòlù ló kún ibẹ̀ báyìí, ó sì lọ tààrà láti ẹnubodè Beyazıt dé ti Nuruosmaniye. Ẹ ò ní ṣàìjáde.

Ẹni tó bá fẹ́ ta owó àtijọ́ tàbí ère àtijọ́ fún yín, ẹ sá. Òfin Tọ́kì kò gbà kí wọ́n kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde nílùú. Tí anùbàtà kan bá sì jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ já bọ́ níwájú yín, ẹ má bá a mú un o. Á ní òun fẹ́ fi bàtà nínù dúpẹ́, lẹ́yìn náà ni owó á wá dé.

Alhaja Onígóòlù: Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ góòlù ni tèmi. Iye tí góòlù ń lọ lọ́jọ́ náà kò pamọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló mọ̀ ọ́n. Owó iṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n ń pè ní işçilik, ni kí o ná. Ní kí wọ́n gbé ẹ̀gbà náà sórí òsùwọ̀n níṣojú rẹ, ka gíráàmù, fi fóònù rẹ ṣírò rẹ̀. Ohun tó bá lé lórí ìṣirò rẹ, owó iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀gbà tó tẹ́ bọrọgidi, owó iṣẹ́ rẹ̀ kì í pọ̀. Èyí tí ọnà àti òkúta bò mọ́lẹ̀, wàá san owó ọnà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ lọ́la kò sì ní kà á sí. Yẹ inú rẹ̀ wò fún òǹtẹ̀: 916 ni 22 kárátì, 750 ni 18, 585 ni 14. Ti 22 ni kí o rà fún màmá. Rìsíìtì tó kọ gíráàmù àti kárátì ni kí o gbà, kì í ṣe bébà lásán.

Tíì ńkọ́? Mu ún jàre, kò di gbèsè. Ẹ̀kejì gan-an, mu ún. Tí owó ò bá ti tẹ́ ọ lọ́rùn, dìde, kí o sì kí wọn dáadáa.

Àlùfáà Àdúgbò: Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀. Oṣù Keje 1894 ni wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó. Sultan Abdul Hamid Kejì ti Istanbul ló fi oyè Bey yẹn dá Mohammed Shitta, oníṣòwò tó kọ́ mọ́ṣáláṣí náà, lọ́lá. Oṣù yẹn gan-an ni ilẹ̀ mì tìtì ní Istanbul, tí apá kan ọjà tí à ń wí yìí sì bàjẹ́. Ẹ mú ìborùn dání, ma, kí ẹ lè kírun ní mọ́ṣáláṣí Nuruosmaniye lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1755, ó sì rẹwà púpọ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yí i sí Sátidé. Sọ́ńdè wá ṣófo báyìí, kí ni kí n fi ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ Istanbul: Mısır Çarşısı ní Eminönü, ma, ọjà alórùlé àwọn aláta. Òun máa ń ṣí ní Sọ́ńdè. Ẹ tọ́ nǹkan wò kí ẹ tó sọ pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá ra èròjà ọbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá rẹ̀ jáde, kí òórùn rẹ̀ má bàa wọ aṣọ ọmọdé tí ẹ fẹ́ lọ tà.