Ta ló ti gbé ìyẹ́ RV-7 (bàálù kékeré téèyàn máa ń fọwọ́ ara ẹ̀ tò nílé) rí? Ẹ gbà mí o

OmoIjebu_Houston: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ìyẹ́ ọ̀tún ti parí nínú gáréèjì, mo fẹ́ gbé e kúrò lórí stand kí n lè bẹ̀rẹ̀ tòsì, ìyàwó mi nìkan ló wà nílé. Ṣé àwa méjì lè gbé e?

Baba_Rivet: Ẹ lè gbé e jàre, kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo, gígùn ẹ̀ ni wàhálà. Kí ẹnì kan di spar (ọ̀pá ńlá tó gba inú ìyẹ́ kọjá) mú níbi tó ti máa wọnú ara bàálù, kí ẹnì kejì gbà á lábẹ́ níbi tí rib (egungun inú ìyẹ́) wà lápá ìparí. Ẹ má di etí ẹ̀yìn mú o, páànù ibẹ̀ fẹ́lẹ́, kíá ló máa tẹ̀. Ẹ sì kọ́kọ́ kan cradle onípákó tí ìyẹ́ máa jókòó lé, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí i, iwájú ìyẹ́ ló máa wà nísàlẹ̀, ẹ má kàn fi ti ògiri lásán.

Iya_Pilot: Ẹ fi ọwọ́ òfìfo rin ọ̀nà tí ẹ máa gbé e gbà wò ná, ẹ kó wáyà kúrò nílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìta lẹ máa gbà, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn rọlẹ̀, ìyẹ́ ṣáà ni, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó fò 😂

OmoIjebu_Houston: Ẹ ṣé gan-an. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?

Baba_Rivet: Hoist (ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sókè) ni o! Ẹ́ńjìnnì Lycoming yẹn lé ní 100 kg. Má sì kó sábẹ́ ẹ̀ tó bá wà lókè.