Orí rélùwéè tó ń fi ọ́ìlì wakọ̀: báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ọmọ Mókọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí ọkọ̀ tó ń fa èrò láti Mòníyà lọ sí Èkó, dísẹ̀lì ló ń jẹ, àmọ́ mọ́tò iná ló ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kà á pé irú kan wà tó jẹ́ ọ́ìlì ló fi ń wakọ̀, tí wọ́n dìídì ṣe fún ọkọ̀ èrò tó fúyẹ́, tó sì ń sáré. Báwo ló ṣe ń ṣe é? Kí ló dé tí a ò rí i mọ́?

Bàbá Gíá: Ẹni tó bá ti tú gíá ọ̀tọ́mátíìkì rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á da ọ́ìlì lu tọ́báìnì, ìyẹn abẹ́ tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Abẹ́ tó dúró sójú kan láàárín wọn á dárí ọ́ìlì padà, ìyẹn ló ń sọ ipá tó fi ń yí ẹsẹ̀ di ìlọ́po nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ là ń pè ní kọ̀ǹfátà. Gíá ti Voith, iléeṣẹ́ Jámánì kan, ní ju kọ̀ǹfátà kan lọ: bí eré bá ti ń pọ̀ sí i, á tú ọ́ìlì kúrò nínú ọ̀kan, á rọ ọ́ sí èkejì. Mekydro, irú gíá ọ́ìlì mìíràn, ní ẹyọ kan péré, gíá mẹ́rin ló tẹ̀lé e.

Kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí mọ́tò iná, ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Lọ́dún 1958, D800, orí ọkọ̀ ọlọ́ìlì tí wọ́n ṣe ní Swindon nílùú Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ nǹkan bí tọ́ọ̀nù 80, agbára ẹṣin rẹ̀ ń lọ sí 2,200. Orí ọkọ̀ onímọ́tò iná ti iléeṣẹ́ English Electric ọdún yẹn kan náà wúwo tó 133, agbára ẹṣin 2,000 péré.

Ìbàdàn Mẹsíọ̀gọ̀: Amẹ́ríkà náà dán an wò: orí ọkọ̀ RP-210 ti iléeṣẹ́ Baldwin, 1956, fún ọkọ̀ èrò fúyẹ́fúyẹ́ kan tó ń jẹ́ Train-X. Mẹ́ta péré ni wọ́n ṣe, ọ̀kan fún iléeṣẹ́ rélùwéè New York Central, méjì fún ti New Haven. Wọn ò lò ó pẹ́.

Alátùnṣe: Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni wàhálà ibẹ̀. Ṣáfùtì, ọ̀pá irin tó ń yí, ló so gbogbo ẹsẹ̀ tó wà lórí bógì kan (férémù tó gbé ẹsẹ̀ dúró) pọ̀, ọ̀kan ò lè dá yọ̀, ìyẹn dáa. Àmọ́ bí ọ̀kan bá fi mìlímítà díẹ̀ jẹ ju èkejì lọ, wọ́n á máa wọ́ ara wọn, ṣáfùtì á máa lọ́, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ á já. Gbogbo wọn lẹ gbọ́dọ̀ fá pọ̀ lórí léètì, ẹ̀rọ tó ń fá irin, kí wọ́n lè dọ́gba.

Ọ́ìlì ńkọ́? Ó máa ń gbóná gan-an. Bí ohun tó ń tù ú bá jò, omi á wọ inú rẹ̀, á funfun bí ògì. Bí atẹ́gùn ló wọ̀ ọ́, á hó, agbára á sì dínkù.

Ọmọ Mókọ́lá: Ẹ ṣeun. Ṣé ó ti kú pátápátá ni?

Bàbá Gíá: Rárá o. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló yọ tiẹ̀ tó kẹ́yìn nínú àwọn ńlá lọ́dún 1977, torí apá kan rélùwéè wọn nìkan ló ń lò ó, wọ́n sì fẹ́ kí irú kan ṣoṣo wà. Ní Jámánì, gíá Voith ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ èrò kéékèèké tí ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀ wọn.