Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé èrò ọmọ yìí gan-an ló ń tọ́ka sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Òmù-Àrán. Ọmọ JSS 2 kan wà ní kíláàsì mi tó ń gbọ́ ohun gbogbo ketekete, àmọ́ kò lè sọ̀rọ̀. Ilé-ìwé ń bi àwọn ọmọ bóyá àárọ̀ ni kí eré ìdárayá wà tàbí ọ̀sán. Mo ya oòrùn tó ń yọ sí páálí kan, mo ya ti ọ̀sán gangan sí ìkejì. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ló tọ́ka sí. Mo pààrọ̀ wọn, ọ̀tún náà ló tún mú! Bí mo bá bi í ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí ló ń mì sí gbogbo ẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a sọ ọ́ sì ń fi tara ẹ̀ kún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo ni kí n ṣe to àwòrán tàbí bi ìbéèrè náà, kó lè dá mi lójú pé èrò tirẹ̀ ni?